Ògbufọ̀ Nílé Ọkọ

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ ni àwọn mọ̀lẹ́bí pé jọ sí pálọ̀ òkè nínú ilé náà ní Ṣómólú, tí agbẹjọ́rò kan sì ka ìwé kan sí wọn létí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé náà kò gùn. Ojú ewé mẹ́fà ni, èdìdì pupa sì wà nísàlẹ̀ èyí tó kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá olóògbé, ìyá àgbà kan tó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, jókòó sí ààyè tirẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. A kì í sọ̀rọ̀ ilé lẹ́yìn irú ìyá bẹ́ẹ̀. Ni àbúrò ọkọ bá yíjú sí opó.

"Ìyàwó wa, ẹ̀yin ni olùkọ́ láàárín wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá."

Kò sí àrífín nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni obìnrin náà fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba ní Èkó kí ó tó fẹ̀yìntì. Bí ìwé kan bá wọ inú ẹbí, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí. Ó gba ìwé náà, ó gbé awò sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé kíláàsì ló dúró sí.

Ọkọ rẹ̀ ti fi ilé náà, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, sí ìkáwọ́ ènìyàn méjì: àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, àti àkọ́bí rẹ̀ tí ìyàwó àkọ́fẹ́, èyí tó ti kú kí òun tó wọlé, bí fún un. Àwọn méjèèjì ni yóò máa gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, tí wọn yóò máa tún ibi tó bá bàjẹ́ ṣe, tí wọn yóò sì máa fi èyí tó bá ṣẹ́kù gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ olóògbé àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, títí àbíkẹ́yìn yóò fi pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó pín in. Orúkọ ọmọ mẹ́fà ló wà nínú ìwé náà. Mẹ́ta nínú wọn ni òun gan-an bí.

Ìyá àgbà ń fi ìka ka àwọn orúkọ náà bí wọ́n ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ó dé ìka kẹfà, ó dúró kí ó gbọ́ èkeje. Kò gbọ́.

"Ìwọ ńkọ́?" ni ó bi opó. "Níbo ni wọ́n dárúkọ tìrẹ sí?"

"Wọn kò dárúkọ mi, Màmá."

Kò sí ẹni tó túmọ̀ ìbéèrè yìí sí Gẹ̀ẹ́sì fún agbẹjọ́rò. Kò sì pọn dandan, nítorí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa débi pé ó gbé ojú sílẹ̀, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Àbúrò ọkọ ló tú ìpalọ́lọ́ náà. Ó ní, "Ta ni yóò lé ìyàwó wa jáde? Ibi tí ẹ wà náà ni ẹ óò máa wà. Àwọn ọmọ á sì máa tọ́jú yín." Gbogbo ilé ṣe àmín. Opó náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó pè é ní Akọ̀wé, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé e wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, nítorí pé ìyàwó kì í fi orúkọ pe ọmọ ọkọ. Ó mọ̀ pé òótọ́ inú ni Akọ̀wé fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ti ń ṣe ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ méjì tó fara jọra láti ọjọ́ tó ti di olùkọ́, ó sì mọ̀ pé ibi tí wọ́n bá fi àánú gba ènìyàn sí yàtọ̀ sí ibi tí ó ní ẹ̀tọ́ sí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun kejì tí kò jẹ́ kí ó sùn ni ọ̀rọ̀ kan tí ó rò pé òun ṣì túmọ̀. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé trust, "ìgbẹ́kẹ̀lé" ni ó sọ fún ìyá àgbà, ìyá àgbà sì mi orí, ó rò pé ọkọ gbẹ́kẹ̀ lé àbúrò rẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Inú ọkàn ni ìgbẹ́kẹ̀lé Yorùbá ń gbé. A kò lè fi sìmẹ́ǹtì kọ́ ọ, a kò sì lè yá a fún ayálégbé. Ó wo "àgbàtọ́" wò: ọmọ àgbàtọ́ ni ọmọ tí a gbà tọ́ fún ẹlòmíràn. Ìyẹn súnmọ́ ọn, ó sì lè pe àwọn ọkùnrin méjì náà ní alágbàtọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í ṣe ilé.

Níkẹyìn ni ó rántí àgbàsìn. Ní abúlé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà lẹ́bàá Ìkirè, bàbá rẹ̀ a máa fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní abo ewúrẹ́ sìn. Ẹran náà kì í ṣe ti ọ̀rẹ́, kò lè tà á, kò lè pa á. Ṣùgbọ́n òun ni yóò já ewé fún un, òun ni yóò wá a bí kò bá wálé nírọ̀lẹ́. Bí ewúrẹ́ náà bá wá bímọ, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń pín in. Àṣà náà kò béèrè ìwé. Ohun tí ó béèrè ni pé ta ló ní ẹran, ta ló sì bọ́ ọ. Obìnrin náà jókòó lórí ibùsùn, ó ń ronú pé nínú ìwé tí òun túmọ̀ lọ́sàn-án, gbogbo ènìyàn ni wọ́n rántí àfi ẹni tó já ewé.

Ó yẹ kí a ṣe ìdájọ́ òdodo fún olóògbé. Kì í ṣe òǹrorò ọkùnrin. Ilé tí bàbá tirẹ̀ fi sílẹ̀ wà ní kọ́ọ̀tù fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Ìgbà tí ẹjọ́ fi parí, òrùlé ti jìn, méjì nínú àwọn tó pẹjọ́ sì ti kú. Ó búra pé ilé tòun kò ní rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì sọ fún un pé ọ̀nà kan wà. Ẹni tó bá kọ ìwé ìpíngún, èyí tí ará ìta ń pè ní wíìlì, ohun-ìní rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀ títí di ọjọ́ ikú, àwọn tó kù yóò sì lọ gba àṣẹ ní ilé-ẹjọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ohun-ìní sí ìkáwọ́ alágbàtọ́ nígbà tó wà láàyè, ohun náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tó buwọ́ lùwé. Ọjọ́ tó bá kú, kò sí ohun tí a ń dúró gbà. Ọdún mẹ́rin kí ó tó kú ni ó buwọ́ lu tirẹ̀. Bóyá ó rò pé ìyàwó òun kò nílò pé kí a dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ilé ni ó wà. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń ronú bẹ́ẹ̀ láìsí ìkà kankan nínú.

Bẹ́ẹ̀ ni irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò burú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí òfin 1882 tó fún obìnrin tó wà nílé ọkọ ní ẹ̀tọ́ sí ohun-ìní tirẹ̀, ìkáwọ́ alágbàtọ́ ni bàbá ọlọ́rọ̀ máa ń fi ohun tó bá fún ọmọbìnrin rẹ̀ sí, kí ọkọ má baà ná an. Ohun tó dáàbò bo aya lọ́jọ́ kan náà ni a lè fi tì í síta lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n èyí tí a fi tì í síta ló pẹ́ jù nínú ìtàn, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ìtàn náà ló dé Ṣómólú.

Láyé àtijọ́, opó Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀tọ́ sí ìdámẹ́ta ilẹ̀ ọkọ rẹ̀, kí ó máa jẹ èrè rẹ̀ títí yóò fi kú. Ọkọ kò lè fi ẹnu lásán gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn amòfin wá rí ihò kan. Bí ilẹ̀ bá wà lórúkọ àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ, tí wọ́n dì í mú fún ìlò rẹ̀, ilẹ̀ náà kì í ṣe ti ọkọ lójú òfin, opó kò sì rí ìdámẹ́ta kankan gbà nínú rẹ̀. Ọba Henry kẹjọ ṣe òfin lórí irú ìṣètò bẹ́ẹ̀ ní 1536, ṣùgbọ́n àwọn amòfin tún rí ọ̀nà mìíràn. Nígbà tó di 1833, òfin tuntun kan fi ẹ̀tọ́ ìdámẹ́ta náà sábẹ́ ọwọ́ ọkọ pátápátá, pé ó lè pa á rẹ́ bó bá ṣe wù ú. Òfin ìwé ìpíngún ti 1837 tẹ̀ lé e, ó ní kí olúkúlùkù fi ohun-ìní rẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí ọkọ Gẹ̀ẹ́sì fi lè kú kí ó má fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún aya rẹ̀. Ìgbà tó di 1938 ni wọ́n tó gbà kí opó àti àwọn ọmọ lè lọ bẹ ilé-ẹjọ́ pé kí wọ́n yọ owó ìtọ́jú fún àwọn nínú ogún. New Zealand ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wọn ní 1900. Ní 1975, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún òfin tiwọn ṣe, wọ́n sì dí ihò àtijọ́ náà: bí ẹnì kan bá fi ohun-ìní tọrẹ láàárín ọdún mẹ́fà ṣáájú ikú rẹ̀, tí ó sì hàn pé torí kí ìdílé rẹ̀ má baà rí nǹkan gbà ló ṣe ṣe é, ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ kí ẹni tó gbà á mú nǹkan wá.

Òfin wo wá ni Nàìjíríà jogún? Èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900 ni. Ìyẹn ni pé a gba ẹ̀wù náà ní àárín ìgbà tí wọ́n ti tú apá rẹ̀, tí wọn kò sì tíì rán an padà. Àwọn tó ni ín rán tiwọn nígbà tó yá. Tiwa wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, ó sì jọni lójú pé àwọn kan ń pe òmìnira tó wà nínú òfin 1837 ní àṣà Gẹ̀ẹ́sì títí di òní, nígbà tó jẹ́ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti pa á tì.

Èkó gbìyànjú. Òfin ìwé ìpíngún tí ìpínlẹ̀ náà ṣe ní 1990 sọ pé ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ lè lọ sí ilé-ẹjọ́ bí ohun tí ìwé ìpíngún olóògbé ṣe fún un kò bá tó bí ó ti yẹ. Ìtẹ̀síwájú gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí gbólóhùn náà bí olùkọ́ èdè: ohun tí ìwé ìpíngún ṣe. Ọkọ obìnrin yìí kò kọ ìwé ìpíngún. Bí kò bá sì ṣe ohunkóhun rárá, tó kú bẹ́ẹ̀, ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù tí wọ́n ṣe ì bá ti mú ìpín rẹ̀ jáde. Láti ìgbà ẹjọ́ Cole ní Èkó ní 1898, lórí ọkùnrin kan tó gbéyàwó ní ìlànà Kristi ní Sàró, ni ilé-ẹjọ́ ti gbà pé irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ lè mú ogún ọkọ kúrò lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀. Bí ọkọ bá dákẹ́, opó ní ìpín. Bí ó bá kọ ìwé ìpíngún, opó ní ẹjọ́. Ohun kẹta ni ọkọ yìí ṣe.

Èyí tó tún yani lẹ́nu ni ti ẹni tó bá kọ ọkọ sílẹ̀. Òfin ìkọ̀sílẹ̀ ti 1970 fún ilé-ẹjọ́ lágbára láti pàṣẹ owó ìtọ́jú fún aya tàbí ọkọ, ó sì lè fọwọ́ kan ohun-ìní tí wọ́n ti fi sí ìkáwọ́ alágbàtọ́ nítorí ìgbéyàwó náà. Obìnrin tó bá ọkọ jà dé kọ́ọ̀tù ní ilẹ̀kùn kan níwájú rẹ̀, èyí tí obìnrin tó bá ọkọ jókòó títí dójú ikú kò ní.

Kò sí ìrètí púpọ̀ nínú àṣà náà. Ní 1997, nínú ẹjọ́ Akinnubi, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tún un sọ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ọkọ. Lóòótọ́, ilé-ẹjọ́ kan náà bínú gidigidi ní 2014, nínú ẹjọ́ Anekwe láti Awka, sí àṣà tó fẹ́ lé opó jáde nílé ọkọ nítorí pé kò bí ọmọkùnrin. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lílé jáde nìyẹn. Akọ̀wé ti ṣèlérí ní gbangba pé ẹnikẹ́ni kò ní lé ìyàwó wọn jáde.

Àbúrò opó náà obìnrin, tó ti ń gbé ní Kùmásì láti ọjọ́ tó ti lọ́kọ, wá fún ìsìnkú, kò sì tíì padà. Òun ló fi ìgbéraga sọ pé Gánà dára ju èyí lọ. Kò parọ́. Òfin Gánà ti 1985 lórí ogún ẹni tó kú láìkọ ìwé ìpíngún fi ilé àti ohun-èlò inú rẹ̀ fún aya tàbí ọkọ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Òfin ìwé ìpíngún wọn ti 1971 fún opó ní ọdún mẹ́ta, láti ọjọ́ tí ilé-ẹjọ́ bá ti fọwọ́ sí ìwé ìpíngún, láti wá ráhùn. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà ti 1992 sì kọ ọ́ ní abala kejìlélógún pé a kò gbọdọ̀ fi ohun tó yẹ nínú ogún olóògbé du ẹni tí wọ́n jọ fẹ́ra wọn, ìbáà kọ ìwé ìpíngún, ìbáà má kọ ọ́.

"Ṣé ẹ rí i, ẹ̀gbọ́n mi?" ni ó wí. "Tiwa wà nínú ìwé òfin."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ó tún gbólóhùn náà kà. Nínú ogún olóògbé. Ó dákẹ́. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn dúró sí, Èkó ní òde, Gánà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun tó ti jáde kúrò nínú ogún kí ikú tó dé, àwọn méjèèjì ń wò ó láti ọ̀nà jíjìn ni. Aládùúgbò wọn kan, ìyá Mùsùlùmí, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ní tàwọn ti wà nílẹ̀: ìdámẹ́jọ ni ti opó tí ọkọ rẹ̀ ní ọmọ, ẹni tó bá sì ń ṣàìsàn ikú kò lè fi ju ìdámẹ́ta ohun-ìní rẹ̀ tọrẹ. Ìyẹn náà dára. Ṣùgbọ́n ara ọkọ rẹ̀ le koko ní ọjọ́ tó buwọ́ lùwé, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò.

Ọmọkùnrin kan tí ó ti kọ́ ní ìwé rí ti di agbẹjọ́rò ní Yábàá. Nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ lórí tẹ́ẹ̀lì ọ́fíìsì rẹ̀ kí ó tó fa àga fún un. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè méjì péré ni ó bi í.

"Mà, lẹ́yìn tí Bàbá buwọ́ lùwé yìí, ta ló ń gba owó ṣọ́ọ̀bù?"

"Àwọn fúnra wọn ni. Títí wọ́n fi wọ ilé ìwòsàn."

"Àwọn alágbàtọ́ kò gba ohunkóhun rí?"

"Akọ̀wé kò tilẹ̀ mọ iye tí wọ́n ń yá ṣọ́ọ̀bù kan."

Ó sọ fún un nípa ẹjọ́ Newman àti Dore, èyí tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ New York dá ní 1937. Ọkùnrin ẹni ọgọ́rin ọdún kan fi gbogbo ohun tó ní sí ìkáwọ́ alágbàtọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó kú, kí ìyàwó rẹ̀ má baà gba ìpín tí òfin yà sọ́tọ̀ fún opó. Ṣùgbọ́n ó di èrè rẹ̀ mú fún ara rẹ̀ títí dójú ikú, ó ní òun lè yí i padà nígbàkigbà, àwọn alágbàtọ́ kò sì lè gbé ẹsẹ̀ kan láìsí àṣẹ rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní ẹ̀tàn lásán ni, pé kò jọ̀wọ́ ohunkóhun sílẹ̀ ní tòótọ́. Inú opó náà dùn, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó dùn jù. Ẹjọ́ New York kò de adájọ́ Èkó. Ọdún mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó sì gba owó ilé lẹ́yìn tó ti buwọ́ lùwé lè jẹ́ ẹni tí àwọn alágbàtọ́ fi ojú fo ìwà rẹ̀ dá nítorí pé ẹ̀gbọ́n wọn ni.

Ìbéèrè kejì ni ó gbé lé lórí jù. "Mà, owó ta ni wọ́n fi kọ́ ilé náà?"

Ó rò ó kí ó tó fèsì. Ilẹ̀, ọkọ ló rà á. Ìpìlẹ̀ àti ìsàlẹ̀, ọkọ ni. Ṣùgbọ́n ilé náà dúró láìní òrùlé fún ọdún méjì nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ, igbó sì ń hù nínú yàrá. Òun ló yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́ ní 1991, òun ló ra páànù àti pákó, òun ló san owó káfíńtà, tí wọ́n sì ń yọ gbèsè náà nínú owó oṣù rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Gbogbo òkè, níbi tí wọ́n ti ka ìwé sí wọn létí, lábẹ́ páànù yẹn ló wà.

"Bàbá kò lè fi ohun tí kì í ṣe tiwọn nìkan sí ìkáwọ́ ẹnikẹ́ni, mà," ni agbẹjọ́rò wí. Ó ṣàlàyé pé òfin tó bí ìṣètò alágbàtọ́ náà ló bí èyí pẹ̀lú: bí ẹni méjì bá jọ fi owó kọ́ ilé, tí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo sì wà lórí ìwé, ilé-ẹjọ́ lè sọ pé ẹni tó ni orúkọ náà ń bá ẹnì kejì di ìpín tirẹ̀ mú ni. Alágbàtọ́ ni òun náà, láìkọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan.

Opó náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. "Nítorí náà, ọkọ mi ti ń ṣe alágbàtọ́ mi láti 1991, àwọn méjèèjì kò sì mọ̀, àwọn àti èmi."

Àmọ́ ilé-ẹjọ́ kì í gba ẹ̀rín. Ní 1992, nínú ẹjọ́ Amadi àti Nwosu, obìnrin kan sọ fún Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pé òun bá ọkọ òun kọ́ ilé tí ọkọ náà lọ tà. Wọ́n ní kí ni ó mú wá, èló ni, lórí kí ni. Kò lè ka á lẹ́sẹẹsẹ, ó sì pàdánù. Ẹjọ́ yẹn le, bóyá ó le ju bó ti yẹ lọ, nítorí ìyàwó wo ló ń gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀? Ṣùgbọ́n òun ló wà nílẹ̀.

Ó padà sílé, ó ṣí àpótí irin tó wà lábẹ́ ibùsùn. Ìwé gbèsè ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ni. Rìsíìtì páànù wà níbẹ̀, ti pákó wà níbẹ̀. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló wà lórí àwọn méjèèjì. Ó rántí ọjọ́ náà ní ọjà: ó ka owó sílẹ̀, oníṣòwò náà gbé bírò, ó ní, "Orúkọ Bàbá ńkọ́?" Òun fúnra rẹ̀ ló pè é lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún un, kí ó má baà ṣì í kọ.

Ta ló tún mọ̀? Ọkọ ti kú. Káfíńtà ti kú. Àwọn ọmọ kéré nígbà náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ń gbé pẹ̀lú wọn ní ọdún náà, tó máa ń gbé ọmọ pọ̀n nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ wo àwọn òṣìṣẹ́. Ìyá àgbà ni.

Ó bẹ̀rù láti bi í. Ìdílé ọkọ ni, ọ̀rọ̀ náà sì lè dà bí ìgbà tí ìyàwó ń kó ìyá ilé sòdì sí ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ó kúnlẹ̀ tí ó sì béèrè, ìyá àgbà kò jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀. Ó dárúkọ káfíńtà. Ó sọ pé òjò pa páànù náà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sókè. Ó sọ bí opó ṣe jẹ gàrí láìní ṣúgà fún odidi sáà kan. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Nígbà tí o ń kà á fún wa lọ́jọ́sí, mo rò pé o fo ojú ewé kan ni."

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, agbẹjọ́rò wá láti Yábàá pẹ̀lú tàdáwà fún àtàǹpàkò. Wọ́n ránṣẹ́ pe Akọ̀wé kí ó má baà jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Ó wá, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀, kò sì dìde. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tẹ ìwé náà ní. Opó na ọwọ́ kí ó gbà á, kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá àgbà bí ó ti máa ń ṣe.

"Ẹ jọ̀wọ́, mà," ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wí, "ẹ̀yin kọ́. Ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹlòmíràn ni yóò ka èyí."

Akọ̀wé agbẹjọ́rò náà, ọmọdébìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Yorùbá rẹ̀ kò dán mọ́rán. Nígbà tí ó dé ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé trust, ó dúró, ó wo òkè àjà, ó sì sọ pé, "ìgbẹ́kẹ̀lé." Olùkọ́ àgbà náà la ẹnu, ó rántí, ó sì pa á dé.